Ìkòkò Méje tí Bàbá Ògúnjọbí Tọ́jú ní Karama

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Bàbá Ògúnjọbí, ṣíbí ni wọ́n fi ń wa ìdí sìgá jáde nínú ìkòkò òdòdó. Gbọ̀ngàn ìgbàlejò hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira, ní ìlú Dubai, ni, ní Dìsẹ́ńbà ọdún 1995. Mo mú ìwé ẹrù lọ fún oníbàárà wa kan tó wọ̀ síbẹ̀, mo sì jókòó dè é. Ọkùnrin kan tí ewú ti gba orí rẹ̀, tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí wọ́n bá ti wa ìdí sìgá kan jáde, wọ́n á na ṣíbí náà jìnnà sí ara wọn bí ẹni tó gbé òkú eku, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, ojú wọn á sì rọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkòkò kẹta, wọ́n sọ fún ara wọn ní Yorùbá pé, "Ẹ wo ẹ̀gbin. Ohun tó ń mí ni wọ́n ń paná sí lára."

Mo kí wọn. Inú wọn ò dùn pé ẹnìkan gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ mi, ọmọ Èkó ni mí, ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni bedspace kan, àyè bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ṣí sílẹ̀ nínú yàrá tí mò ń gbé ní Karama. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì kó wá.

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni bàbá nígbà náà. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nínú igbó ọba ní J4, lápá Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀gbìn igi mèlínà àti tíìkì látìgbà tí wọ́n bá hù títí wọ́n á fi tó gbìn sínú igbó. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, Ganiat, ọmọ àbúrò ìyá wọn, tó máa ń wá ra bàtà ní Deira, ló bá wọn wá físà olùtọ́jú ọgbà.

Ohun kan wà lára bàbá tí gbogbo wa nínú yàrá kọ́kọ́ ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìríra tètè máa ń mú wọn. Wọn kì í fi ife tí ẹlòmíràn lò mu omi. Bí ẹnìkan bá ha ọ̀fun ní ilé ìwẹ̀, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ wọn sílẹ̀, kò sì ní wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin mẹ́fà ló sì ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo, nítorí náà ìyà tí wọ́n ń jẹ kò kéré.

Òdòdó tí mo bá wọn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ilẹ̀ igbó tútù ló ti ń hù lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, lábẹ́ igi ńlá, níbi tí oòrùn kì í ti í dé dáadáa. Wíńtágírìn ni wọ́n ń pè é. Kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá lé. Ewé rẹ̀ dúdú minijọ, ó sì le díẹ̀ bí awọ, èso pupa roboto máa ń wà lábẹ́ ewé náà nígbà òtútù. Ogójì ìkòkò ni hòtẹ́ẹ̀lì náà kó wá láti Holland nínú kọ̀ǹténà tútù, kí wọ́n fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Bàbá ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rún un, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì fún èmi náà. Abóníkì ni. Òórùn Abóníkì gan-an, bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí agolo rẹ̀.

Ọ̀gá àwọn olùtọ́jú ọgbà ní hòtẹ́ẹ̀lì náà ni Kọ́lá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà ní Dubai, ó gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, ó sì fi ọjọ́ orí jù mí lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ni mo ń pè é nígbà yẹn. Nínú ohun tí mò ń sọ yìí, mi ò ní lo "wọ́n" fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 1996, Waheed, tí òun náà ń gbé nínú yàrá wa, tó sì ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì náà, wá sọ fún mi pé bàbá ní kí n kó páálí mẹ́rin wá. Mo kó o lọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bá wọn, níbi àpótí ìdọ̀tí ńlá. Gbogbo ogójì ìkòkò yẹn ni wọ́n ti kó jọ síbẹ̀ bí òkìtì. Àwọn tó ṣe àríyá ọdún tuntun ti sọ wọ́n di ilé ìgbẹ́. Ìdí sìgá kún inú wọn, egungun adìyẹ wà níbẹ̀, ẹnìkan ti da ọtí sí òmíràn, èébì sì wà nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti gbẹ mọ́ orí ewé. Òróró tí wọ́n ti din ẹja lẹ́ẹ̀mẹwàá ń ṣàn lábẹ́ àpótí náà. Mo fi apá aṣọ bo imú.

Kọ́lá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di ife tíì mú.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtírí ṣe?"

"Wọn ò tíì kú," ni bàbá wí.

"New Year don finish now. Máníjà ní ká kó gbogbo ẹ̀ dànù, khalas, ó parí. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún kó òmíràn wá."

"Kí ló dé tí wọn ò ra ti rọ́bà nígbà náà? Ẹ kàn máa nu ti rọ́bà, ẹ máa gbé e pamọ́."

Kọ́lá rẹ́rìn-ín. "Àwọn àlejò á mọ̀, bàbá. Èyí tó ń mí ni wọ́n fẹ́."

Bàbá so aṣọ mọ́ imú, wọ́n yan mẹ́sàn-án tí gbòǹgbò wọn ṣì dára, wọ́n fà wọ́n jáde nínú ìkòkò, wọ́n sì ń fọ gbòǹgbò náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí padà sí ògiri bí ẹni fẹ́ bì. Mo bi wọ́n pé, bó bá ń rí yín lára tó báyìí, ẹ ṣe ń ṣe é?

"Ìgbẹ́ màlúù ni mo fi ọwọ́ pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ fún ogún ọdún," wọ́n ní. "Ìyẹn ò rí mi lára rí. Ìgbẹ́ màlúù mọ́. Èyí ni kò mọ́."

Bí òdòdó mẹ́sàn-án ṣe wọ yàrá wa ní Karama nìyẹn. Bàbá kan pákó kan mọ́ ògiri lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù á ti máa bọ́ sí wọn lórí, wọ́n sì fi léèsì ògbólógbòó tí Ganiat fún wọn dí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè dà bí ti abẹ́ igi. Iyẹ̀pẹ̀ ìlú yìí ò bá wọn lára mu. Ilẹ̀ dúdú fúlẹ́fúlẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú àwọn àpò tí hòtẹ́ẹ̀lì ti jù nù ni wọ́n fi gbìn wọ́n. Síbẹ̀, kí oṣù February tó parí, méjì ti kú. Etí ewé wọn kọ́kọ́ pọ́n, ó sì gbẹ, ohun funfun kan wá ń hù lórí ilẹ̀ inú ìkòkò. Bàbá fi ìka kan án, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì tu ú jáde kíákíá.

"Iyọ̀ ni. Omi ẹ̀rọ yìí ló ń pa wọ́n."

Látọjọ́ náà, omi inú ike tí wọ́n ń rà mu ni wọ́n ń bu díẹ̀díẹ̀ fún wọn, títí ooru fi dé ní April, tí ẹ̀rọ amúlétutù ò sinmi mọ́. Omi tó ń kán jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ò ní iyọ̀ kankan, bí omi òjò ló rí. Bàbá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìdí rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó tòrò, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ife kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn bù ú fún òdòdó kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ, wọn kì í sì í jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní May, wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n sì bá omi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà tó ti di àwọ̀ eérú. Òwú dúdú ń léfòó lójú rẹ̀. Làmídì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, ló fọ nǹkan nínú rẹ̀.

"Làmídì, kí lo fọ̀ sínú omi yìí?"

"Ìbọ̀sẹ̀ mi ni, bàbá. Ṣebí omi AC ni? Omi tó yẹ ká dànù."

Bàbá wo omi náà, wọ́n sì wo Làmídì láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìbọ̀sẹ̀," wọ́n ní, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ dà sí ilé ìwẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sì dáhùn nígbà tí Làmídì bá kí wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní July, tí ooru òde fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èèyàn láwọ, òdòdó funfun kéékèèké yọ lábẹ́ ewé wọn, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ bí agogo. Kò sí oyin nínú yàrá wa tí yóò máa ti orí ọ̀kan lọ sí òmíràn. Bàbá wá ìyẹ́ ẹyẹlé kan, wọ́n sè é nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kan inú òdòdó kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. A rò pé orí wọn ti ń dàrú. Ní October, èso bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó kọ́kọ́ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Làmídì gan-an ń mú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá wò ó. Bàbá ò lé wọn, wọ́n kàn ń dúró níbẹ̀ láti rí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan.

Ìparí November ni kọ̀ǹténà ti ọdún náà dé. Ẹ̀rọ tútù rẹ̀ ti kú lórí omi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Waheed wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i. Ó ní omi dúdú ló kọ́kọ́ tú jáde sí wọn lẹ́sẹ̀, pé òórùn ìjẹrà náà lé àwọn tó ń jẹun ní ìsàlẹ̀ dìde. Gbogbo òdòdó inú rẹ̀ ti jẹrà pátápátá. Máníjà pe Kọ́lá, ó ní kí ó wá èyí tó ń mí níbi tó bá ti rí i.

Kọ́lá mọ̀ pé méje wà ní Karama. Ó bẹ bàbá. Bàbá ní, "Kí wọ́n tún wá máa paná sìgá sí wọn lára? Rárá." Ó tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yí padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan ní Dìsẹ́ńbà, nígbà tí bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn sílé lóru ọjọ́ náà, Kọ́lá gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá sílé wa. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn.

"Bàbá ní kí n wá kó àwọn òdòdó yẹn. Wọ́n ti gbà."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó tàn mí jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà ló ti sọ fún mi pé àyè kan ṣí ní ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì, pé òun á mú orúkọ mi dé iwájú máníjà. Ẹrù gbígbé ti sú mi, ọwọ́ mi ti le bí pákó. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, àwa méjèèjì mọ ohun tó ń lọ.

"Yalla, Rẹ̀mí, má jẹ́ ká pẹ́."

Ó gbé mẹ́ta, èmi gbé mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.

Ẹnu Waheed ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí pé méje kéré, Kọ́lá ní kí wọ́n fín ọ̀dà aláwọ̀ wúrà sí ewé wọn kó lè máa tàn. Wọ́n sì fi wáyà so èso oníke mọ́ ara wọn, nítorí pé èso tiwọn gan-an kò pọ́n tó lójú Kọ́lá. Bàbá wọ gbọ̀ngàn náà láàárọ̀, wọ́n rí wọn, wọ́n sì yẹ ewé wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn máníjà, òyìnbó kan tí kì í pariwo. Wọ́n sọ fún un pé ewé tó ti gba ọ̀dà kò lè mí mọ́, pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ á kú.

Máníjà wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá máa tó fún àríyá ọdún, ó ṣeun.

Waheed ní bàbá lọ tààrà sí ilé ìgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo àwọn tó wà ní ibi ìfọṣọ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bì. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé orí àga Kọ́lá, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀.

Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí wọ́n wọlé. Pákó abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ṣófo.

"Ta ló bá a gbé wọn sọ̀kalẹ̀?"

Làmídì kọjú sí ògiri. Mo ní, "Èmi ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n sún mọ́ mi. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí, ì bá sì ti dùn mọ́ mi. Wọ́n kàn fà sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wo ìdí sìgá ni wọ́n fi wò mí.

"Ọwọ́ ẹ ń rùn," wọ́n ní.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n tún fi gbé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò jẹ ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn. Bí mo bá se ìrẹsì fún gbogbo ilé, wọ́n á jáde lọ ra búrẹ́dì. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á dúró kí n kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Wọn ò bú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ewé oníwúrà náà ti ń já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan ti lẹ ṣingọ́ọ̀mù tó jẹ tán mọ́ ọ̀kan lára, àmì eyín ṣì wà lára rẹ̀. Kọ́lá ń rìn káàkiri nínú kóòtù tuntun. Wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá fún hòtẹ́ẹ̀lì méjì. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè ọjọ́sí, pé ó di ọdún tó ń bọ̀, inshallah. Òórùn ọtí àti sìgá ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn ilé wa ni mò ń rí, àti èmi tí mò ń sọ̀kalẹ̀.

Ganiat ló wá iṣẹ́ míràn fún bàbá nígbà tó dé ní January, lọ́dọ̀ obìnrin ará Síríà kan tó ní ọgbà ọ̀gbìn ní ẹ̀yìn ìlú Sharjah. Hòtẹ́ẹ̀lì fún wọn ní ìwé ìtúsílẹ̀, kí wọ́n lè gba iṣẹ́ níbòmíràn, láìjànpata. Nígbà tó di March, mo ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo rò ó pé kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Mo wá gbogbo ṣọ́ọ̀bù òdòdó ní Dubai kiri títí mo fi rí wíńtágírìn kan ṣoṣo nínú fíríìjì onígíláàsì. Mo rà á, mo gbé e lé itan nínú takisí títí mo fi dé Sharjah, mo sì fi ara mi ṣe ibòòji fún un.

Abẹ́ àtíbàbà kan ni mo ti bá bàbá, wọ́n ń gbin ọ̀pẹ déètì kéékèèké sínú ọ̀rá. Ara wọn ti le sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, mo sì gbé ìkòkò náà síwájú wọn.

"Dìde," wọ́n ní. Wọ́n wo òdòdó náà, ojú wọn sì rọ́. "O tún rà á."

"Láti fi bẹ̀ yín ni, bàbá."

"Ìwọ ni wọ́n ń tìtorí ẹ kó o wá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rà á, inú igbó tí Ọlọ́run dá a sí ló máa wà. Wàá gbé e wá síbi tí oòrùn ti ń yan ẹja lórí òkúta, wàá sì ní kí n yọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà tọ́jú méje."

"Inú ààtàn ni mo ti kó wọn. Mi ò ránṣẹ́ pè wọ́n." Wọ́n padà sórí ọ̀pẹ wọn. Wọ́n fi ìka tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kan, wọ́n gbé òmíràn. "Ìyá tó ni ọgbà yìí ní kí n máa gbìn ín tà nígbà Kérésìmesì. Mo ní mi ò ṣe. Gbé tìẹ lọ sílé. Ìwọ lo rà á, ìwọ ni kó o máa tọ́ ọ."

Mo gbé e padà sí Karama. Mo tún pákó náà kàn, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìdí ẹ̀rọ amúlétutù, mo ń sẹ́ omi, mo ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀: irun nínú omi, eruku lórí ewé, itọ́ ẹnìkan lórí àtẹ̀gùn. Mo ń jí ní aago márùn-ún láti wò ó. Ní June, iná ilé wa kú fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ewé rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, òórùn ewébẹ̀ tó bàjẹ́ sì ń ti inú ìkòkò náà jáde. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí n wo gbòǹgbò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tú sí mi lọ́wọ́, ó ń yọ̀. Mo fọ ọwọ́ mi títí ọṣẹ fi tán.

Bàbá Ògúnjọbí ṣiṣẹ́ ní Sharjah títí di 1999 kí wọ́n tó padà sílé. Kọ́lá ṣì wà ní Dubai nígbà tí èmi gan-an fi ń lọ, ara rẹ̀ dá, ó ti sanra. Ganiat máa ń yà sí ọ́fíìsì wa bó bá wá kó bàtà, òun ló sì sọ fún mi pé bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ọgbà ọ̀gbìn tiwọn ní ẹ̀yìn ilé, pé tíìkì àti igi òro ni wọ́n ń tọ́.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni mo máa ń sọ.

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi í pé ṣé ó jíṣẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì lòun jẹ́ ẹ.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ganiat wo páálí bàtà rẹ̀, ó fa téèpù tí a fi dì í, bóyá ó lẹ̀ dáadáa. "Wọ́n gbọ́," ó ní. "Wọn ò dáhùn."